Kẹ̀kẹ́ Ń Bu Kẹ́kẹ́

Òjò àná kò tíì gbẹ lára ewé
tí a fi gun òkè igbó Ẹlẹ́yẹlé,
àwa mẹ́fà, Mákànjúọlá níwájú,
ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní kó má kánjú
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́.
Táyà fẹ̀, eyín rẹ̀ mú bí eyín ayùn,
ẹrẹ̀ ń ta sí wa lẹ́yìn, à ń rẹ́rìn-ín,
à ń yí bọ̀ bí òkúta tí ọmọdé tì láti orí àpáta.

Ní kọ́nà kejì, igi kan dábùú ọ̀nà.
Bàbá Ọ̀jẹ́lékè jókòó lé e,
ẹ̀ṣọ́ igbó, fìlà rẹ̀ ti ṣá,
bàtà òjò rẹ̀ ọ̀tún pupa, tòsì dúdú.
Kò bú wa. Kò béèrè ìwé.
Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n wá fi ìka wọn ọgbẹ́.

Mo ti ìka bọ ipa táyà.
Ó wọlé dé oríkèé kejì.
Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn,
nítorí ibi tí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀ la máa ń yà fún;
ọ̀nà tó gba ẹsẹ̀ kan péré lọ́dún méjì sẹ́yìn
ti fẹ̀ tó èyí tí tírélà lè gbà.
Gbòǹgbò tíìkì ti yọ síta,
ó ń dán bí egungun orúnkún.
Ẹyin ìgbín, funfun, wẹ́wẹ́,
mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú ihò tí a gùn kọjá.

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi," bàbá ní.
Kẹ́kẹ́ lọ́tùn-ún, kẹ́kẹ́ lósì, ó ti wọnú ìhunjọ.
"Ọjọ́ tí wọ́n bù ú, igbe mi dé Ọjà-Ọba.
Ó jinná, ó doge, òun ni ìyàwó fi mọ̀ mí.
Kẹ́kẹ́ tí kẹ̀kẹ́ yín ń bu fún òkè yìí
kì í jinná.
Òjò ni olóólà kejì:
ẹ̀yin á fa ìlà, òun á máa gbẹ́ ẹ jìn."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀.
Adágún dùbúlẹ̀ láàárín igi,
etí rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.
Omi tó ń dé ẹnu ẹ̀rọ ìyá mi ní Ìjokòdó,
èmi ni mo ti ń po ẹrẹ̀ sí i láti oṣù kẹrin.

Mákànjúọlá ní, "Bàbá, kẹ̀kẹ́ lásán!
Àwọn agégẹdú ń gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọ ibí lóru,
ta ló dá wọn dúró?"
Bàbá kò jiyàn.
Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè:
àpá àdá, láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká.
Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà a kì í gùn lẹ́yìn òjò
àfi tí a bá bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́ tó fọ́n, tí kò lẹ̀.
Sátidé kan nínú oṣù, ọkọ́ la ń gbé:
a to òkúta síbi tí ọ̀gbàrá ń gbà,
a fi ẹ̀ka dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwa fúnra wa là.
Ẹyọ kan ṣoṣo la fi sílẹ̀. Ẹrẹ̀ bá dé ibẹ̀,
a ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, a ó fẹsẹ̀ rìn ín.
A ń fọ táyà lẹ́nu ọ̀nà,
ká má baà ru irúgbìn èpò Mọ́níyà wọ igbó.

Mákànjúọlá kò wá.
Wọ́n ní ó ń gùn lóru, tòun ti tọ́ọ̀ṣì lórí.
Láàárọ̀ mo máa ń rí ipa rẹ̀, ẹyọ kan, tààrà,
lórí òkúta tí mo fọwọ́ mi tò.
Mo ń tún un tò.

Nínú oṣù kẹsàn-án, koríko yọ ní kọ́nà kejì,
ṣáṣá, bí irùngbọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Bàbá Ọ̀jẹ́lékè fi ọ̀pá tọ́ ọ wò.
"Kò tíì jinná," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti dá."
Òjò ṣú lápá Àpáta.
A wo ojú ara wa,
a yí kẹ̀kẹ́ padà sílé.